Ọmọ Tí A Kọ́ àti Ilé Tí A Kọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Orin Stax ní Memphis

Àwọn àgbà ló ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé kan wà ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ìtàn rẹ̀ dàbí ẹni pé torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Ilé orin ni. Wọ́n dá a sílẹ̀, òkìkí rẹ̀ kàn káyé, wọ́n tà á, wọ́n sì wó o palẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú náà wá fẹ́ tún un kọ́, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé ìtàn náà wá síwájú ẹ̀yin ònkàwé lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Ohun tí àlejò ń rí níbẹ̀

Bí àlejò bá dé òpópónà McLemore ní apá gúúsù ìlú Memphis, iwájú ilé sinimá àtijọ́ ni yóò rò pé òun dúró sí. Pátákó ńlá kan yọ síta lókè ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ fíìmù sí láyé ijọ́un. ‘Soulsville U.S.A.’ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àmọ́ ilé àtijọ́ kọ́ ni. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i, lórí ilẹ̀ kan náà tí ilé àkọ́kọ́ ti wó, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ kí ojú rẹ̀ lè jọ ti èyí tó ti lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Stax Museum of American Soul Music, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin sóòlù àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ohun ńlá àkọ́kọ́ tí àlejò yóò bá pàdé lẹ́yìn tó bá ti wo fíìmù kúkúrú tí wọ́n máa ń fi kí i káàbọ̀ kì í ṣe gìtá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwo orin. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé ìjọsìn kékeré onípákó kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lò ní àrọko Mississippi láti nǹkan bí ọdún 1906 ni wọ́n tú, tí wọ́n sì tún tò sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò mọ ohun tí àwọn tó gbé e síbẹ̀ ń sọ: inú ìjọ ni orin sóòlù ti jáde. Bí oníwàásù ṣe ń lé tí ìjọ ń gbè, ìpàtẹ́wọ́ àti ohùn tó ń gbọ̀n nítorí ìrora, gbogbo rẹ̀ ni àwọn olórin kó jáde kúrò nínú ìjọ tí wọ́n fi ń kọrin ìfẹ́ àti orin ìyà.

Bí ó bá rìn síwájú, yóò dé yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n tún kọ́ ní àwòkọ ti àtijọ́. Ilẹ̀ yàrá náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí pé ilé sinimá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ ilẹ̀ ilé sinimá náà kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè rí iwájú. Àwọn tó sọ ọ́ di ilé orin kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Àwọn tó tún ilé kọ́ náà kò sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ti di ara ìtàn. Ní apá ibòmíràn, àwo orin ló kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Isaac Hayes náà wà níbẹ̀, Cadillac ti ọdún 1972, tí wọ́n fi wúrà ṣe ara rẹ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n tẹ́ nǹkan onírun funfun sínú rẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tálákà tó dàgbà lóko òwú ló ni ọkọ̀ yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ó sì pàdánù ọ̀pọ̀ ohun tó ní. Ọkọ̀ náà ń yí lórí pèpéle rẹ̀, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn yóò mọ̀ pé ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀.

Bí ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1957 ni Jim Stewart, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì tó sì ń ta gòjé, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí ó pè ní Satellite Records. Kò mọ̀ nípa orin àwọn aláwọ̀ dúdú rárá. Nígbà tó nílò ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó dára, Estelle Axton, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi ilé ara rẹ̀ dógò láti yá owó. Olùkọ́ ni Estelle nígbà kan rí. Òun náà wá di òṣìṣẹ́ báńkì, ní báńkì tí wọ́n ń pè ní Union Planters. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ báńkì náà sọ́kàn.

Ní ọdún 1960 wọ́n háyà ilé sinimá kan tí wọ́n ti pa tì ní McLemore. Ní ọdún 1961, nígbà tí ó hàn pé ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ Satellite ní California, wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Stewart àti ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Axton, wọ́n pa á pọ̀, ó di Stax.

Níbi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú fún àwọn tó ń wo sinimá tẹ́lẹ̀ ni Estelle ti ṣí ìsọ̀ tí ó ti ń ta àwo orin. Ìsọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á wò dáadáa, nítorí pé òun ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, á wọlé wá gbọ́ orin tuntun bí wọn kò tilẹ̀ ní owó tí wọn yóò fi rà á. Estelle kì í lé wọn. Ó máa ń bi wọ́n ohun tó dùn mọ́ wọn nínú orin kan àti ohun tí kò dùn mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni yóò sọ fún àwọn tó wà ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Báyìí ni ọmọ tó wá gbọ́ orin lóde ṣe di ẹni tí wọ́n pè wọlé.

Ilé orin tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́

Booker T. Jones ṣì ń lọ sí ilé ìwé girama Booker T. Washington ní Memphis nígbà tó kọ́kọ́ fọn fèrè lórí àwo orin ilé náà ní ọdún 1960. David Porter, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló lọ mú un jáde láti ilé ìwé ní ọjọ́ náà. Porter fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oúnjẹ tó kọjú sí Stax ní òdìkejì títì. Ó wá di ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin tí Sam àti Dave fi gbajúmọ̀. Isaac Hayes ni ẹnì kejì rẹ̀. Booker T. ní tirẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, the M.G.’s, gbé ‘Green Onions’ jáde ní ọdún 1962. Lẹ́yìn tí àwo náà ti tà káàkiri, ọmọkùnrin náà kò sọ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Ó gba Yunifásítì Indiana lọ láti kọ́ nípa orin, ó sì ń padà wá sí Memphis láti wá ṣiṣẹ́ nígbà tí àyè bá yọ.

Nínú ọdún 1962 yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Georgia wa ọkọ̀ gbé olórin kan wá sí Stax. Nígbà tí iṣẹ́ ẹni tí ó gbé wá parí, tí àkókò díẹ̀ ṣì kù, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun náà kọrin kan. Orúkọ rẹ̀ ni Otis Redding. Àwọn Bar-Kays náà ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n, tí wọ́n ń ráre kiri ilé orin náà títí àwọn àgbà ibẹ̀, bí Al Jackson tó ń lu ìlù fún the M.G.’s, fi ń tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ ò rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni Stax láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pátákó ilé ìwé níwájú rẹ̀.

Kí á má gbàgbé irú ìlú tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Memphis ìgbà náà, òfin àti àṣà kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ kan náà. Ṣùgbọ́n méjì nínú the M.G.’s jẹ́ dúdú, méjì jẹ́ funfun, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó papọ̀ níta, ilé ìtura Lorraine, tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n tilẹ̀ kọ àwọn orin ńláńlá kan níbẹ̀.

Ìṣubú

Ibi ń bọ̀ lọ́nà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1967, bàálù tó gbé Otis Redding àti àwọn Bar-Kays já sínú adágún omi Monona ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Otis kú ní ọmọ ọdún 26. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bar-Kays bá a lọ. Ben Cauley nìkan ló yè nínú gbogbo àwọn tó wà nínú bàálù náà. James Alexander, tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ fún wọn, kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ó tún ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀, nígbà tó sì bí ọmọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Phalon, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá omi lọ. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ohun tí ó ṣe yẹn fún wa.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní ilé ìtura Lorraine yẹn gan-an. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín dúdú àti funfun ní Stax kò rí bákan náà mọ́.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn jáde. Ilé iṣẹ́ Atlantic ní New York ló ń bá Stax pín àwo orin káàkiri. Nígbà tí wọ́n ta Atlantic fún ilé iṣẹ́ mìíràn, Stewart fẹ́ yọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò, ni ó bá rí i pé nínú ìwé tí òun fọwọ́ sí láìkà á délẹ̀, gbogbo ojúlówó ohùn tí Atlantic ti bá wọn pín di ti Atlantic. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí gbólóhùn kan nínú ìwé.

Wọ́n gbìyànjú láti dìde. Al Bell, aláwọ̀ dúdú tó ti jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, mú kí wọ́n gbé àwo orin ńlá tó lé ní 20 jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún 1969. Isaac Hayes gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 1972 fún orin tó kọ fún fíìmù ‘Shaft’. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ṣe àríyá Wattstax ní pápá ìṣeré ńlá Los Angeles, dọ́là kan péré ni owó ìwọlé, àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 sì pé jọ. Stax ti bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú pátápátá.

Ṣùgbọ́n gbèsè ń ga. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, báńkì kan gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti ti ilé náà pa. Union Planters ni báńkì náà, báńkì kan náà tí Estelle ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n pe Al Bell lẹ́jọ́ pé ó lu báńkì ní jìbìtì, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 1976, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ilé náà dá páro. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọ kan, nígbà tó sì di ọdún 1989, wọ́n wó o lulẹ̀. Orin tó jáde níbẹ̀ ń dún káàkiri ayé, ṣùgbọ́n koríko ló ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ọmọ ṣáájú ilé

Nígbà tí àwọn ará Memphis kan kó ara wọn jọ láti tún ibẹ̀ ṣe, ìrọ̀rùn ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àdúgbò náà ti di ti àwọn aláìní. Ta ni yóò jàǹfààní bí àlejò bá wá ya fọ́tò tí ó sì bá tirẹ̀ lọ? Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Stax Music Academy, ilé ẹ̀kọ́ orin fún àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò tíì sí rárá. Ọdún 2003 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣí. Ní ọdún 2005, wọ́n fi ilé ìwé girama kún un, èyí tí a mọ̀ sí Soulsville Charter School. Àwọn àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn ilé ìwé àti nígbà ọlidé ni àwọn ọmọ máa ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ orin yìí. Wọ́n ń kọ́ ohùn lílò, gìtá, ìlù, dùùrù àti fèrè oríṣiríṣi. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣe òwò orin. Ẹ̀kọ́ òwò yẹn kì í ṣe àfikún lásán ní ibi tí ìwé àdéhùn kan ti gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wọn. Ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn Atlantic yóò ka ìwé délẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Orin Stax fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn: ọmọ ọdún 14 yóò kọ́ bí Al Jackson ṣe ń fi ìlù sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lù ú, lẹ́yìn náà yóò rìn wọ ilé kejì lọ wo ohun èlò àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Èyí ni ọgbọ́n tí mo rí níbẹ̀. Ohun àtijọ́ tí a kó sínú gíláàsì kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ni ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, nílò ohun tí yóò fi ojú rí kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn bíi tòun ló ṣe é, láti àdúgbò bíi tòun.

Àwa náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Orin sóòlù dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó ṣì ń gbóná. Ní ọdún 1966, Orlando Julius, ọmọ Yorùbá tó ń fọn sasofóònù, gbé ‘Super Afro Soul’ jáde, nínú èyí tí ó ti pa sóòlù pọ̀ mọ́ híláìfù wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1971, àwọn Staple Singers, tí wọ́n jẹ́ olórin Stax, wá kọrin ní Accra níbi àríyá Soul to Soul. Orin tí àwọn baba ńlá wọn gbé kọjá òkun ni wọ́n gbé padà wálé.

Kì í sì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú láti so ilé ìṣúra pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Agbo ilé àyàn ni a fi ń ṣe é. Ìlù tí baba ńlá fi sílẹ̀ ń bẹ lára ògiri. Ọmọ ń wò ó láti kékeré. Wọn yóò kọ́kọ́ gbé omele lé e lọ́wọ́, yóò máa tẹ̀lé àgbà lọ sí òde, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tó ìyáàlù, títí yóò fi mọ oríkì ilé olókìkí kọ̀ọ̀kan. Ìlù ara ògiri yẹn kì í ṣe òkú ohun èlò. Ọ̀la ni wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n lù ú. Ṣùgbọ́n agbo ilé mélòó ló ṣì rí bẹ́ẹ̀ lónìí? Àwọn ọmọ àyàn kan tilẹ̀ ti yọ Àyàn kúrò nínú orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbà tiwa náà. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo jọ dá ilé iṣẹ́ àwo orin Star sílẹ̀, kí olórin lè ní ohun tó ti inú ọpọlọ rẹ̀ jáde. Haruna tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Stax tiwa nìyẹn, láàárín ìlú tiwa. Ọmọ ilé ìwé mélòó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lónìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ilé Fẹlá tí àwọn sójà sun níná ní ọdún 1977 kò sí mọ́. Ilé tó gbé kẹ́yìn ní Ìkẹjà di Kalakuta Museum ní ọdún 2012, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Peter King náà dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní agbègbè Àgbádárìgì. A ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní apá kan, a ní ilé ẹ̀kọ́ ní apá kejì, ṣùgbọ́n ojú títì gígùn ló wà láàárín méjèèjì.

Àwa náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wó ilé. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Èkó, tí àwọn Àgùdà tó dé láti Brazil fi ọwọ́ wọn hàn lára rẹ̀, ni ìjọba ti kéde láti ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà tó dáàbò bò ó. Ìwé wà. Ohun tí kò sí ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti kọ́ ní ìtàn ilé náà, tí ọkàn wọn ì bá gbọgbẹ́ kí katakata tó dé.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kan tó tún gé aṣọ ní iwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun, kí a bi wọ́n léèrè: yàrá wo ni àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ṣẹ́? Ta ni olùkọ́ wọn? Ṣé àwọn àgbà onílù, onísákárà àti àwọn tó ta gìtá jùjú tó ṣì wà láyé yóò gba owó oṣù níbẹ̀ kí wọ́n lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀? Kò pọn dandan kí a dúró de ìjọba pàápàá. Estelle Axton kò ní ju ìsọ̀ kékeré kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé kò lé àwọn ọmọ tó wá gbọ́ orin síta.

Wọ́n ti wó ilé tirẹ̀. Àwọn ọmọ ló tún un kọ́.